Ọgbà Òdòdó Ìyàwó Bíríkìlà

Bíríkìlà ni ọkọ mi. Obìnrin tó bá fẹ́ bíríkìlà, kó má retí pé erùpẹ̀ á tún kan òun lẹ́sẹ̀ nínú ilé òun. Yanrìn tó bá ṣẹ́kù níbi iṣẹ́, ilé ló ń bọ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì tó ti fẹ́ máa dì, tí onílé ní kí wọ́n gbé jù sọ́nù, ilé ló ń bọ̀. Bó ṣe fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ̀yìnkùlé nìyẹn, tó rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilé, tó rẹ́ ojúde láti gééètì títí dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, débi pé bí òjò bá rọ̀ ní Ìkìrun, omi kì í ríbi wọlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣe ló ń sáré jáde lọ bá àwọn ará ìsàlẹ̀. Wọ́n ti wá bá wa jà nítorí ẹ̀ rí. Ọkọ mi ní kí àwọn náà lọ rẹ́ tiwọn.

Ibì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tí ilẹ̀ ṣì jẹ́ ilẹ̀. Apá òsì ni bí èèyàn bá ti wọ gééètì, ó lọ títí dé abẹ́ fèrèsé pálọ̀, ó fẹ̀ tó ibi tí ọkọ̀ kan lè dúró sí. Tèmi ni. Mi ò ní ìwé ilẹ̀ kankan lọ́wọ́, àmọ́ gbogbo ilé mọ̀ pé tèmi ni, torí ọdún tí a kó wọlé ni mo ti da kóró tannáposó síbẹ̀, òdòdó tó máa ń là nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, tí òórùn rẹ̀ á sì gba ojú fèrèsé wọlé bá wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbin ìdò, eléwé gbọọrọ, tí òdòdó rẹ̀ pupa bí ata. Lẹ́yìn ìyẹn ni rósì. Tíṣà ni mí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Inísà. Bọ́ọ̀sì ló ń gbé mi lọ láàárọ̀, òun ló ń gbé mi bọ̀ lọ́sàn-án, kò sì sí ilé tó ní òdòdó lójú ọ̀nà yẹn tí mi ò tíì tọrọ ẹ̀ka lọ́wọ́ wọn. Ojú kì í tì mí bó bá di ti òdòdó.

Kì í ṣe ọ̀làjú ni mo fi ń ṣe, kì í sì í ṣe nítorí àlejò. Nínú ilé tí ohun gbogbo ti dà bí eérú, mo fẹ́ kí nǹkan kan pupa ni.

Àwọn ará àdúgbò ò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló mọ. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?" Bí mo bá ní wọn kì í fi í ṣe nǹkan kan, wọ́n á wò mí lójú, wọ́n á rò pé oògùn ni mò ń fi pa mọ́ fún wọn. Ìyá kan tó ń gbé lódìkejì títì wá já ewé ìdò mi lọ, ó ní òun fẹ́ lọ sè é fún ibà. Ara rẹ̀ yá, mi ò sì mọ̀ bóyá ewé mi ni àbí oògùn tó rà mọ́ ọn. Òmíràn ní kí n hú gbogbo rẹ̀, kí n gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀, kí ilẹ̀ lè wúlò. Òmíràn ní ejò ni mò ń kó jọ. Ọkọ mi a máa gbè wọ́n lẹ́yìn.

"Ẹ bá mi sọ fún un," á ní. "Tíṣà ló kàwé jù nílé yìí, òun náà ló ń tọ́ igbó dàgbà."

Òdòdó kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn ju ìyókù lọ, kò sì lórúkọ tí mo mọ̀. Ìdí rẹ̀ nínú ilẹ̀ rí bí àlùbọ́sà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á kú tán lókè, kò ní sí àmì pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, kó tó ru ewé rárá ni á ti yọ orí pupa roboto kan síta. Iwájú ilé ìyá mi ní Òkukù ni mo ti hú u wá. Ó dára tí mo tètè hú u, torí ibẹ̀ náà la wá sin ìyá mi sí, sìmẹ́ǹtì ló sì wà lórí gbogbo ibẹ̀ báyìí.

Ọjọ́ ìsìnkú yẹn, àpáta ni àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ bá. Wọ́n gbẹ́, wọ́n gbẹ́, kò lọ. Pásítọ̀ ti parí ìwàásù, òkú ti dé, ọkọ̀ tó gbé e wá dúró sẹ́bàá títì nínú oòrùn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí ni ìyá yìí ṣe tí ilẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Ọkọ mi, àna tó wọ aṣọ funfun balau, bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó gba dígà lọ́wọ́ wọn, ó wọ inú ihò. Alẹ́ ti ń lẹ́ kó tó jáde, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Òun náà ló padà lọ lẹ táìsì sí sàréè náà. Ara iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó ti lẹ táìsì sí sàréè onísàréè láti Ìkìrun dé Inísà, dé Òkukù, dé Igbaye. Nígbà tí à ń padà bọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn, gbólóhùn kan péré ló sọ nínú ọkọ̀.

"Kò yẹ kí òkú máa dúró de ilẹ̀."

Mo rò pé ìyá mi ló ń káàánú.

Lọ́dún tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà tí típà kan wá já yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì wa. Mo ti Inísà dé, mo bá òkìtì méjèèjì níbẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n wà fún kí n tó béèrè, àmọ́ mo béèrè.

"Dádì, kí lẹ fẹ́ fi yanrìn yìí ṣe?"

"Mo fẹ́ rẹ́ ibẹ̀ yẹn ni, kí n lè ríbi gbé ọkọ̀ sí."

"Ibẹ̀ wo?"

"Tíṣà, o mọ ibẹ̀."

A jà. Mi ò ní sọ pé a bá ara wa sọ̀rọ̀, a jà ni. Mo ní nínú ilé tí mo bá a kọ́, tí mo bá a ru búlọ́ọ̀kù nígbà tí oyún wà nínú mi, ṣé ibi tí mo lè ti ọwọ́ bọ erùpẹ̀ kò tọ́ sí mi ni? Ó ní kò sí ohun tí ọwọ́ ń wá nínú erùpẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, olórí ẹbí wọn, ní láti wá bá wa dá sí i. Bàbá náà jókòó sí pálọ̀, ó gbọ́ tọ̀tún tòsì, ó sì bá wa ṣe àdéhùn kan. Kí ọkọ mi fi òjò ọdún yẹn sílẹ̀ fún mi, kí n fi gbádùn òdòdó mi tẹ́rùn. Bí ọyẹ́ bá tún dé, kó rẹ́ ibẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ yanu. Ọkọ mi ní òun gbà. Èmi náà ní mo gbà, mo sì ń sọ nínú ara mi pé kí ọyẹ́ tó padà dé, màá ti rí nǹkan wí. A fi yanrìn àti òkúta sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára gbogbo nǹkan. Kò pẹ́ sí i, àwọn orí pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú ilẹ̀ gbígbẹ, bí ẹni pé ẹnìkan dúró sísàlẹ̀ tó ń tì wọ́n sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń wò wọ́n, inú mi sì dùn ju bó ṣe yẹ kí inú àgbàlagbà dùn lọ. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tí ọkọ mi ń ké láti inú ilé pé ta ló gbé bàtà òun lọ tó gbé ti ọmọdé sípò rẹ̀. Mo wọlé. Bàtà rẹ̀ náà ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wú tí kò wọ̀ ọ́ mọ́.

A kọ́kọ́ ní ìrìn ni. A ní iṣẹ́ ni. Pásítọ̀ gbàdúrà sí òróró, a fi pa ẹsẹ̀ náà. Nígbà tí ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú láàárọ̀, a lọ sí Òṣogbo. Dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Dókítà, èmi tí mi ò kọ iṣẹ́ sílẹ̀ rí," ọkọ mi ní, ó sì rẹ́rìn-ín.

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé ohun tó kù tí a lè ṣe, àti iye owó rẹ̀, tó ju agbára wa lọ. A gbọ́ ọ yé, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a padà sílé. Láti Òṣogbo dé Ìkìrun, ojú fèrèsé ọkọ̀ ló ń gbà wo ìta, ó ń fi ìka tọ́ka sí ilé tí òun kọ́.

Bó ṣe di ẹni tó ń jókòó nìyẹn, ọkùnrin tó jẹ́ pé òòró ni í dúró jẹun. Àga onírọ́bà kan wà ní fàráńdà, mo fi ìrọ̀rí sí i. Ibẹ̀ ló máa ń wà láti àárọ̀, tó kọjú sí ọgbà mi. Iwájú rẹ̀ ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́, ibẹ̀ ni mò ń bá a bí mo bá dé. Òjò ń rọ̀ dáadáa nígbà yẹn. Ìdò ti ga dé ojú fèrèsé, rósì ti ń yọ ẹnu, ohun tí kò hù lọ́dún tó kọjá ti hù. Mo ń wo òdòdó mi, mò ń wo ọkọ mi, ọ̀kan ń sanra, ọ̀kan ń rù. Ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ ń wú, àmọ́ ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín bíi ti ọmọdé.

Lọ́jọ́ kan, mò ń ro ìdí rósì, ó pè mí.

"Tíṣà, ilẹ̀ rẹ yẹn le jù."

Mo dúró. Ọkùnrin yìí kò bá mi sọ̀rọ̀ nípa òdòdó rí àfi láti bú wọn.

"Ó le jù," ó tún sọ. "Gbòǹgbò ò lè rìn níbẹ̀. Tú u wọlẹ̀ dáadáa."

"Kí n tú u jìn tó báwo?"

"Tú u títí ọkọ́ á fi rì. Màá ní kí wọ́n wá kó òkúta abẹ́ rẹ̀ kúrò fún ọ."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, tó ti gba fíríìdọ̀mù tipẹ́, tó ti ní ìyàwó àti ọmọṣẹ́ tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú dígà. Apá tó sún mọ́ gééètì ló ń gbẹ́. Ó ń yọ òkúta ńláńlá jáde níbẹ̀, ó ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, èmi á sì tẹ̀lé e pẹ̀lú ọkọ́, màá máa fọ́ ògúlùtu, màá máa da ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ sí i. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ṣe ń jìn tó.

"Dádì, gbogbo èyí fún òdòdó?"

"Fún òdòdó ni," ó dá mi lóhùn láti orí àga.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí n kó gbogbo èyí tí mo gbìn sí àárín apá yẹn lọ sí etí. Ó ní òdòdó tó bá há mọ́ra kì í ṣe dáadáa, kí n jẹ́ kí àárín máa gba atẹ́gùn. Mo bá a jiyàn díẹ̀, torí àárín yẹn ni àwọn olórí pupa ìyá mi wà. Ó ní kí n rọra hú wọn, kí n tò wọ́n yí ibẹ̀ ká. Ọmọṣẹ́ náà ta okùn kí ìlà lè tọ́, ọkọ mi ń tọ́ ọ láti fàráńdà pé kó sún un sọ́tùn-ún, kó dá a padà, bí ẹni pé ìpìlẹ̀ ilé la fẹ́ fi lélẹ̀. Nígbà tí mo tò wọ́n tán, mo bọ́ sẹ́yìn láti wò ó. Ó dára. Kí n má purọ́, ó dára ju bí èmi ṣe ń gbìn ín jákujàku tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ mi wò ó títí.

"Báyìí ni," ó ní.

Inú mi dùn gan-an ní àsìkò yẹn. Ó ṣòro láti sọ, torí ọkùnrin náà ń ṣàìsàn, àmọ́ òótọ́ ni. Ọdún mélòó ni mo ti ń gbé pẹ̀lú ẹni tó ń pe ohun tí mo fẹ́ràn ní igbó! Mo dé yàrá àwọn olùkọ́ ní Inísà, mò ń fọ́nnu. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ ní ọkùnrin kì í yí padà, ẹ wá sílé mi wá wò ó, ọkọ mi ti di àgbẹ̀ òdòdó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn fún mi ní ẹ̀ka rósì funfun, ó ní kí n mú un lọ fún Bàbá.

Ìgbà tí òjò sinmi díẹ̀ nínú Oṣù Kẹjọ, ọgbà náà dára débi pé àwọn tó ń kọjá lọ ń dúró. Iléèwé ti gba ìsinmi, nítorí náà ilé ni mo wà, àwa méjèèjì la jọ ń jókòó sí fàráńdà. Kò lè jẹ iyọ̀ mọ́, kò lè mu omi tẹ́rùn, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ń wò mí bí mo bá ń bomi rin òdòdó. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n rọra da omi náà, kí òun lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Mo rọra dà á. Mo kọ ẹ̀yìn sí i kó má baà rí ojú mi.

Nírọ̀lẹ́, tannáposó á là, òórùn rẹ̀ á gba fàráńdà kan. Ìrọ̀lẹ́ kan báyìí ló sọ ohun tí mo ti ń retí látìgbà tí a ti kọ́lé.

"Tíṣà, ó dára o."

Mo rò pé àkókò tó láti béèrè. "Nígbà náà, Dádì, ẹ ò ní rẹ́ ẹ mọ́, àbí?"

Ó wo òkìtì yanrìn ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì.

"Àdéhùn ni àdéhùn," ó ní. "Bí ọyẹ́ bá dé, wọ́n á da sìmẹ́ǹtì síbẹ̀."

Ó dùn mí wọ egungun. Mo dìde, mo wọlé, mo lọ ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Mo ní ọkùnrin yìí burú, pé ikú ń wò ó lójú, síbẹ̀ kò lè fi erùpẹ̀ sílẹ̀ fún èèyàn. Mo sọ ọ́ sí inú abọ́, ó wọ inú omi lọ. Nígbà tí mo padà jáde, ó ṣì ń wo ibẹ̀, ìlà tó tọ́, àárín tó gbòfo.

Àrọ̀kúrò òjò ló ń rọ̀ nígbà tó kú. Àárọ̀ ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi aṣọ tútù nu ojú fún un ni. Ó ní kí n ṣí fèrèsé. Mo ṣí i, mo yíjú padà, ó ti lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Wọ́n gbé e lọ sí mọ́ṣúárì, ilé kún fún èèyàn, ọmọbìnrin wa ti Ìbàdàn dé, àwọn akáṣọlérí ń sunkún ara wọn ní pálọ̀.

Nígbà tí ẹbí jókòó láti sọ ibi tí wọ́n máa sin ín sí, ọmọ mi ní ṣé kò ní dára ká gbé Dádì lọ sí itẹ́ òkú ti ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, wò ó bí ẹni tó sọ̀sọkúsọ. Ó ní ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé, inú ilé rẹ̀ ni í sùn. Ẹnìkan dárúkọ ẹ̀yìnkùlé. Mo ní kọnkéré ló wà níbẹ̀, àti kòtò ṣalánga, abẹ́ ìyókù sì jẹ́ àpáta. Ẹnìkan dárúkọ ẹ̀gbẹ́ ilé. Mo ní kọnkéré ni. Bí mo ṣe ń dáhùn, ohùn mi ń lọ sílẹ̀, torí mo ti ń rí i bọ̀. Nínú gbogbo ilé tí ọkọ mi rẹ́, ibì kan ṣoṣo ló kù.

Bàbá ò jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ má ṣe ìyọnu. Ó ti fi ibẹ̀ hàn wá."

Ọjọ́ tí wọ́n máa gbẹ́ ilẹ̀, ọmọṣẹ́ àtijọ́ yẹn náà ló kó àwọn èèyàn wá. Kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kọjá lẹ́nu gééètì, ó wọ àárín tó gbòfo láàárín ìlà òdòdó, ó sì fi dígà lélẹ̀. Kò sí òdòdó kan tó fara kàn. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: mo dúró ní fàráńdà, mo rí bí ibẹ̀ ṣe gùn tó, mo rí bó ṣe fẹ̀ tó, mo sì mọ ohun tí mo ti ń ṣe láti ìgbà òjò.

Ilẹ̀ náà rọ̀. Ọkọ́ ń wọ ọ́ bí ọ̀bẹ tí ń wọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Oòrùn ò tíì mú rárá tí wọ́n fi parí. Ọ̀kan nínú wọn, tí kò mọ̀ mí, jáde láti inú ihò, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀.

"Ilẹ̀ yìí dáa o! Ta ló bá wọn tú u?"

Ọmọṣẹ́ náà wá bá mi ní fàráńdà, ó dọ̀bálẹ̀, kò sì tètè dìde.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Ọ̀gá ní n kò gbọdọ̀ sọ fún yín."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní bí ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní lè gbin nǹkan kan síbẹ̀ mọ́. Wọ́n sì fẹ́ máa rí i."

Inú bí mi. Gbogbo èèyàn rò pé ìbànújẹ́ ló jẹ́ kí n wọlé lọ tilẹ̀kùn, àmọ́ ìbínú ni. Ó jókòó sórí ìrọ̀rí tí mo fi sí àga fún un, ó ń wò mí, ó jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi fọ́ ògúlùtu ibojì rẹ̀ láti ìgbà òjò títí di ìgbà àrọ̀kúrò. Ó jẹ́ kí n da ìgbẹ́ adìyẹ sí i. Ó jẹ́ kí n lọ fọ́nnu ní Inísà. Mo ní tó bá wà láàyè ni, màá bá a jà. Ìgbà tí mo sọ ìyẹn tán ni mo tó sunkún.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n gbé e dé, pásítọ̀ wàásù, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò dúró de ilẹ̀ rárá.

Ọyẹ́ dé kété lẹ́yìn ìgbà tí àlejò túká. Ọmọ mi ní kí wọ́n lẹ táìsì sí i. Mo ní ṣé wọn ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n gbin òdòdó sórí ẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, sàréè aláìlọ́mọ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn máa sọ nípa wa?" Mo wo Bàbá. Bàbá wo ilẹ̀. Òun náà rántí àdéhùn tó bá wa ṣe nínú pálọ̀ yẹn, n kò sì gbọdọ̀ yanu. Yanrìn tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì láti ọdún tó kọjá ni wọ́n lò, òkúta wẹ́wẹ́ náà ni wọ́n lò. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ fi táìsì funfun sí i, ó nu ojú rẹ̀ títí ó fi ń dán. Iṣẹ́ náà mọ́, ọkọ mi ì bá má rí àléébù kan níbẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí ti rọ̀. Àwọn olórí pupa ti yọ yí sàréè náà ká, wọ́n tò gbọnrangandan bí ó ṣe ní kí n tò wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń bi mí mọ́ pé kí ni wọ́n ń fi òdòdó ṣe. Wọ́n á dúró lẹ́nu gééètì, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o." Wọ́n rò pé nítorí sàréè ni mo ṣe gbìn wọ́n. Ìyá òdìkejì títì ò wá já ewé mọ́.

Èmi ni mo ń jókòó sórí àga onírọ́bà báyìí láàárọ̀ Sátidé. Ibi tí mo jókòó sí, mo ń rí apá kejì ọgbà náà, èyí tó wà lábẹ́ fèrèsé. Ó gùn tó apá ti gééètì, ó sì fẹ̀ tó o. Òun nìkan ni ilẹ̀ tó kù nínú ilé yìí. Ó le, ó sì kún fún òkúta.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í hú ìdò tó wà láàárín rẹ̀ lọ sí etí. Mo ránṣẹ́ sí ọmọṣẹ́ náà pé kó bá mi wá kó òkúta. Ó dé pẹ̀lú dígà rẹ̀, ó wo ibẹ̀, ó wò mí. Ó ta okùn.

Ẹnìkan ti lọ sọ fún ọmọ mi. Ó pè mí láti Ìbàdàn lánàá, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ní ẹ ń gbẹ́ abẹ́ fèrèsé. Kí lẹ tún fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe?"

Mo wo òkìtì yanrìn tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Ó ṣì pọ̀ tó.

"Fún òdòdó ni," mo dá a lóhùn.